Ẹsẹ̀ Tí Kò Mì

Ogún Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa. Kì í ṣe oríkì o, èébú ni, àbúrò mi ló sì fi sọ mí. Iṣẹ́ tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe ni pé a máa ń tún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kọ, èyí tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì iye epo tí yóò mu àti ìgbà tí yóò mu ún. Bí ọkọ̀ bá ń wọ́ bí ẹni tí kò jẹun, tàbí tó ń mu epo bí ẹni mu omi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀nà méjì ló wà tí a lè gbà ṣe é. Fáìlì kan wà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀; o kàn máa gbé e wọ inú ọkọ̀ ni, ogún ìṣẹ́jú, ó parí, kí oníbàárà máa lọ. Ọ̀nà kejì ni pé kí o jókòó ti ọkọ̀ náà, kí o wà á, kí o wo bó ṣe ń mí àti bí ẹni tó ni ín ṣe ń wà á, kí o wá kọ tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, ìlà lórí ìlà, ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn odidi ọ̀sẹ̀. Àbúrò mi ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe ti àkọ́kọ́ ní àránsílẹ̀, ó pe èkejì ní àwọ̀nrán. Èmi ni mò ń ṣe àránsílẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Télọ̀.

Ọdún mọ́kànlá la fi jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, n kò rántí ọ̀sẹ̀ kan tí a kò jà. Èmi á ní ọkọ̀ tí ìyá àgbà fi ń lọ ra tòmátì, kí ló fẹ́ fi àwọ̀nrán ṣe, ṣé ó fẹ́ fò ni? Òun á ní ẹsẹ̀ ènìyàn méjì kò rí bákan náà, pé ẹnì kan á gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà jẹ́ẹ́jẹ́, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pa aáyán, pé aṣọ tó bá gbogbo ayé mu kò bá ẹnì kankan mu. Mo ní tó bá dá a lójú tó bẹ́ẹ̀, kó lọ kọ ọ́ sára ògiri. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ kọ ọ́ sára ògiri lóòótọ́, lókè ibi tí mo máa ń gbé kọ́ọ̀bù tíì mi sí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Òun alára ni kò sí mọ́.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Ó jókòó sórí àga nílé rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà, ìyàwó rẹ̀ wà ní kíṣìnì. Nígbà tí ìyàwó náà fi máa jáde, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́, ẹni tó ni bàtà ti lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun. Ohun tí mo sọ nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé oúnjẹ ti tán.

Èmi kò sunkún. N kò fi yangàn, n kò sì fi bò. Ọjọ́ tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan ń wo ojú mi láti àárọ̀ bí ẹni tó gbé omi kaná, tó ń retí kó hó, títí ó fi sú u tó lọ jókòó. Láti ìgbà náà, aago mẹ́jọ ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́fà ni mò ń tì í. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Bí wọ́n bá bi mí pé ara ńkọ́, mà á ní a dúpẹ́. Àga rẹ̀ wà níbi tó wà. Kì í ṣe pé mo fi ṣe ìrántí o, n kò kàn rí ìdí tí mo fi máa gbé e kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyàwó rẹ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Mo mọ ìró ẹ́ńjìnnì náà kí n tó gbójú sókè, ọwọ́ mi sì dúró lórí ohun tí mò ń ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo tún ń bá a lọ.

Ilé iṣẹ́ ìgò ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìlú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń dúró níwájú pátákó kan tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìgò ń kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wá èyí tó sán. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ń gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì náà dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ jáde. Ó kí mi, mo kí i. Mo bi í nípa ilé, ó bi mí nípa ilé. A kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, àwa méjèèjì, pàápàá láti oṣù mẹ́jọ yìí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ọkọ̀ yìí fẹ́ pa mí.”

Ó wá ṣàlàyé. Nínú ìlú, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Àmọ́ tó bá ti jáde sí títì gbọọrọ tó lọ sí ilé iṣẹ́ wọn, níbi tí ènìyàn kàn máa gbé ẹsẹ̀ lé e kí ọkọ̀ máa lọ, ọkọ̀ á ṣàdédé jáwọ́. Agbára á lọ lára rẹ̀, á máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò tó tún un tẹ̀, á jí. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti wò ó. Èkíní pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, èkejì pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo, ẹ̀kẹta wà á káàkiri àdúgbò, ó ní ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, pé bóyá obìnrin náà ni kò mọ ọkọ̀ wà. Lánàá, ó jáwọ́ níwájú tírélà kan. Onítírélà yà á báyìí ni, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá a lọ. Ó nawọ́ sí i, mo wò ó. Wáyà nìkan ló kù níbẹ̀.

Mo ní kò le. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ti kọ nǹkan tó ju ọkọ̀ lọ sínú rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Kí n gbé àránsílẹ̀ wọ inú rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú, á padà di ọkọ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn, ẹnu tírélà á kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ṣé ọkọ òun máa gbà pé kí wọ́n gbé àránsílẹ̀ wọ ọkọ̀ rẹ̀? Mo ní kò ní gbà, ṣùgbọ́n Télọ̀ ti kú, ìyàwó, Ogún Ìṣẹ́jú ló kù. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọkọ̀. Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, òun nìkan la fohùn ṣọ̀kan lé lórí: kí o tó kọ tuntun, kọ́kọ́ ka ti àtijọ́ jáde, kí o tọ́jú rẹ̀, nítorí ọ̀la. Mo ní kí kọ̀ǹpútà kà á. Ó ní rárá. Mo tún un ṣe, ó ní rárá. Àbúrò mi ti tì í pa.

Ẹjọ́ lọ́ọ̀kì yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Télọ̀ wọ̀n fáìlì kan fún ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ pín búrẹ́dì. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin mìíràn gbé irú ọkọ̀ yẹn gan-an wá, àbúrò mi kò sí nílé. Mo lọ mú fáìlì búrẹ́dì nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e wọ ọkọ̀ náà, ogún ìṣẹ́jú. N kò bi í léèrè ohun tó ń rù. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù. Kò pé oṣù méjì tí ẹ́ńjìnnì náà fi yọ́ nínú. Àbúrò mi kò pariwo. Ó bá ọkùnrin náà tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó tún un tò, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èmi ń gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, kò tọ́jú fáìlì rẹ̀ kankan sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, gbogbo ọkọ̀ tó bá kọ ló ń tì pa. Gbogbo nǹkan la máa ń jà lé lórí, kò fìgbà kan bá mi jà lórí ìyẹn.

Báyìí, lọ́ọ̀kì tó fi dí mi lọ́nà ló wà níwájú mi. Irú lọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, o kò lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ o lè kọ tuntun lé e lórí. Ó dà bí àpótí tí o kò lè ṣí ṣùgbọ́n tí o lè sun. Bóyá àránsílẹ̀ ni mo kọ tàbí àwọ̀nrán, ti Télọ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbikíbi. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe rí. Mo rò pé á ní kí n kọ ọ́, nítorí tírélà. Ó wo dígí tó já náà fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná,” ó ní, “kí ẹ tó pa á rẹ́.”

Ká sòótọ́, n kò fẹ́ wò ó. Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì kan, kí n sì lọ mu tíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọkọ̀, inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí, òun náà sì ti dìde, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a jáde sí títì gbọọrọ.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn mí ni ìlà méjì. Ọ̀kan ni ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí pẹ́dà, èkejì ni agbára ẹ́ńjìnnì. Ìlà ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló máa ń wárìrì, bó ti wù kó kéré mọ. Ti obìnrin yìí kò wárìrì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi sílẹ̀, ìlà náà nà tàn-án bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Iṣẹ́ ìgò ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́jọ kó má mira. Títì náà gbọọrọ lóòótọ́, pápá lọ́tùn-ún, pápá lósì. Mo ń wo ìlà méjèèjì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò já bọ́. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ ni, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn.

Ó ní, ẹ rí i? Mo ní mo rí i, kó tún un ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ jí. Mo ka àkókò rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Méjìlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, méjìlá. Mo wá ní kó máa mi ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ. A rin ìrìn máìlì márùn-ún, ọkọ̀ náà kò jáwọ́ rárá.

Mo ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀, mo sì mọ èyí dájú: àìsàn ọkọ̀ kì í mọ òǹkà. Púlọ́ọ̀gì tó fẹ́ kú kì í dúró kó ka méjìlá. Ènìyàn ló ń kà. Ẹnì kan ló jókòó, tó kọ ọ́ sínú ọkọ̀ yìí pé bí ẹsẹ̀ tó wà lórí pẹ́dà kò bá mì rárá fún ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, kí ẹ́ńjìnnì rọra fi ọkọ̀ sílẹ̀, kó dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹsẹ̀ àbúrò mi. Láti kékeré, ẹsẹ̀ yẹn kì í dúró. Tí a bá ń jẹun, tábìlì á máa gbọ̀n, ìyá wa á na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, á di orúnkún rẹ̀ mú, á máa fi ọwọ́ kejì jẹun lọ. Lórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti bá a jà lórí ẹsẹ̀ yẹn ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Tó bá ń wakọ̀, ńṣe ni pẹ́dà ń jó lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, a jẹ́ pé ẹni tó ni ín kò sí nílé.

Lọ́ọ̀kì kì í bo ọjọ́ mọ́lẹ̀. Mo bi ọkọ̀ náà léèrè ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn, ó sọ fún mi. Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì. Mo mọ ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi gbé ọkọ̀ oníbàárà kan lọ dán wò ni, ó ní ìdajì wákàtí lòún máa lò, wákàtí mẹ́ta ló lò. Nígbà tó padà, koríko wà nínú ìmú ọkọ̀ náà, ẹ̀wù rẹ̀ rin ṣìnkìn. Ó ní ewúrẹ́ kan ló sá sọ́nà, lòún bá yà. Mo fi ewúrẹ́ yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan. Tó bá ti fẹ́ jáde, mà á ní kó kí ewúrẹ́ o. Láti ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wa èyí lọ sí títì gbọọrọ, èmi á máa wo ìlà lórí kọ̀ǹpútà. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo pè é ní télọ̀ tí kì í wọ aṣọ tó rán. Ó rẹ́rìn-ín, ó jù mí ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó kọ láti ìgbà náà títí tó fi kú, èmi ni mo wà wọ́n lọ dán wò, mo sì ń kùn ní gbogbo ìgbà.

Mo rò ó bóyá kí n sọ fún ìyàwó rẹ̀. Mo lè ní wáyà kan ló bàjẹ́, kí n sì kọ àránsílẹ̀ lé e. Ta ló máa mọ̀? Tírélà kan kọjá, ọkọ̀ wa mì lórí táyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì, ó ń wò mí bó ṣe ń wo ìgò. Irọ́ kò lè kọjá lójú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un: méjìlá, ẹsẹ̀, ewúrẹ́, koríko, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Mo ní ó jọ pé àbúrò mi ti mọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn pé òun lè dákú nídìí ọkọ̀, ó sì ti sọ fún ọkọ̀ ohun tó máa ṣe. Mo ní n kò mọ̀ bóyá ó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò sunkún, kò pariwo. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

“Mo mọ̀ nípa àìsàn náà,” ó ní. “N kò mọ̀ nípa ọkọ̀.”

Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lòún bá a nílẹ̀. Ó ní wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́, oògùn wà nínú dúrọ́ọ̀ tí àwọn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọkọ òun ní kí òun fọkàn balẹ̀, pé ó ti ṣètò rẹ̀. Ó ní òun rò pé oògùn ló ń sọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, àwa méjèèjì la jọ ń ṣí ilẹ̀kùn kan náà ní aago mẹ́jọ, mo sì ń bú u lójoojúmọ́ ayé.

“Àbúrò yín ló ní kí n má sọ ọ́,” ó ní. “Ó ní tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní bá òun jà mọ́.”

Ó dùn mí. N kò mọ bí mo ṣe lè tún un sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan dùn mí, ó sì dùn mí ní àyà gan-an, bí ẹni tí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún. Omi kò jáde lójú mi. Mo kàn ń wo ìlà méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, títí iná kọ̀ǹpútà fi kú fúnra rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ǹ bá máa bu omi fún un, ǹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ìbá kọ́kọ́ pa á.

Nígbà tí a fẹ́ padà, ó ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó pa á rẹ́. Mo ní kì í ṣe níbi tí tírélà wà. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn pápá ilé ìwé tí ọkọ̀ kì í gbà, a yà síbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, ó fi sílẹ̀. Ó ń kà á sókè, ohùn rẹ̀ kò ga, bí ẹni tó ń ka ìgò. Nígbà tó dé méjìlá, ọkọ̀ náà jáwọ́. Ó rọra ń lọ, ó ń dín, a ń gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà, ó dúró. Kò mì wá rárá. Mo mọ iye ọjọ́ tó gbà á kí ọkọ̀ tó lè dúró báyẹn láìmi ẹnikẹ́ni, èmi tí mo mọ iṣẹ́ náà. A jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀, ó tún un tẹ̀, a lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Mo ní kó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi á máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí n wọ̀n ọ́n fún un, àwọ̀nrán gidi, fún ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí kì í mì. Mo ní mo lè má mọ̀ ọ́n tó Télọ̀, ṣùgbọ́n mà á gbìyànjú. Ó ń wo ògiri, ibi tí ọkọ rẹ̀ kọ nǹkan sí lókè kọ́ọ̀bù mi.

“Èyí tí wọ́n wọ̀n fún ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ pa mí lánàá,” ó ní. “Ẹ gbé àránsílẹ̀ wọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wà. Tó bá jẹ́ èmi ló kàn, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè gbé mi délé.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe borí àríyànjiyàn ọdún mọ́kànlá, kò sì sí ẹni tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú fáìlì náà jáde, èyí tí mo ti gbé wọ ọkọ̀ bí igba. Kọ̀ǹpútà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní padà. Ó máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, n kì í kà á. Lọ́jọ́ yẹn mo kà á. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó kọ ìdajì, ìyàwó àbúrò mi dìde láti orí bẹ́ǹṣì, ó wá jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ níwájú mi, kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò mi ẹsẹ̀. Ní ìparí, kọ̀ǹpútà bi mí pé ṣé kí òun tì í pa. Mo ní rárá, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á máa kà á. Ogún ìṣẹ́jú, ó parí.

Mo bá a fi dígí tuntun síbi tó já. Ó ní ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó pè mí tó bá débi iṣẹ́ lọ́la.

Ó pè mí lọ́jọ́ kejì, aago méje kò tíì lù. Ó ní òun ti dé, pé ọkọ̀ náà lọ tààrà, kò jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó dáa. Ó ní ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù re o. Mo ní àmín.

Ọkọ̀ oníbàárà kan wà nílẹ̀ láàárọ̀ yẹn tí mo fẹ́ dán wò. Mo gbé e jáde sí títì gbọọrọ, èmi nìkan, kò sí ẹni tó ń wo ìlà lórí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, n kò mì ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Méjìlá. Ọkọ̀ náà ń lọ. Mẹ́tàlá, ó ń lọ, pápá lọ́tùn-ún, pápá lósì. Mo kà dé ọgọ́ta kí n tó rántí pé èmi fúnra mi ni mo máa gbé ẹsẹ̀ kúrò.